Báwo la ṣe ń gbàdúrà tí ìfẹ́ Ọlọ́run á fi dáni lójú, tí ẹ̀rù á sì dín kù?

Olùwá_Ọ̀nà

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ìbéèrè kan rèé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu àdúrà. Àdúrà òru ń lọ, ààwẹ̀ ń lọ, àmọ́ téèyàn bá ti ṣe àmín tán, ẹ̀rù tó bá wọlé náà ló tún bá jáde. Ẹnu ń jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run fẹ́ràn ẹni, ọkàn ò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n ṣáà nígbàgbọ́. Ẹ sọ ohun téèyàn lè ṣe tílẹ̀ bá mọ́ lọ́la: Sáàmù èwo, ìṣẹ́jú mélòó, kí la máa sọ, kí la máa fi sílẹ̀?

Alàgbà_Ìjọ_Kékeré

Kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kan kún un, ẹ kọ́kọ́ wo bí àdúrà yín ṣe pín. Ẹ gbé aago síwájú lóru ọjọ́ kan. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mélòó lẹ fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nípa òun fúnra rẹ̀, mélòó lẹ fi ń bá ọ̀tá sọ̀rọ̀? Nínú ọ̀pọ̀ àdúrà òru wa, ọ̀tá ló ń gba ìpín ńlá. Ohun téèyàn bá tẹjú mọ́ láti òru mọ́jú ló máa tóbi lójú rẹ̀. Ìdí tẹ́rù fi ń pọ̀ sí i lẹ́yìn àdúrà nìyẹn, kì í ṣe pé Ọlọ́run ò gbọ́.

Ẹ wá wo bí Jésù ṣe to tiẹ̀ nínú Mátíù 6:9-13. Baba ló kọ́kọ́ dé: orúkọ rẹ̀, ìjọba rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ wà láàárín. Ìdáríjì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ibi ló kẹ́yìn, kò sì gùn. Ẹ fi bẹ́ẹ̀ to ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òwúrọ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú méjì jókòó jẹ́ẹ́ láìsọ nǹkan kan. Ẹ fi mẹ́rin ka Sáàmù kan sókè lẹ́ẹ̀mejì, kíkà kejì kó falẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Ẹ mú ẹsẹ kan péré nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ọ́ padà fún Ọlọ́run ní ọ̀rọ̀ tẹnu ara yín. Mẹ́rin fún ẹ̀bẹ̀, tiyín àti tẹlòmíì. Méjì tó kù, ọpẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ ṣáájú o. Tó bá ti ṣáájú, òun nìkan ló máa jẹ gbogbo àkókò tán.

Kí fóònù wà níyàrá kejì. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni Bíbélì yín wà, ẹ pa dátà kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ẹni tó bá ní Bíbélì Àtọ́ka àtijọ́ nílé, kó mú un lò, àkọtọ́ ayé ijọ́un bí “aiye” àti “enia” ò ní pa á lára. Kó máa tẹ̀ lé àwọn ìtọ́ka rẹ̀. Sáàmù 103:8, bí àpẹẹrẹ, ti Ẹ́kísódù 34:6 ló ti wá, níbi tí Ọlọ́run ti fẹnu ara rẹ̀ sọ irú ẹni tóun jẹ́ fún Mósè: aláàánú, tó lọ́ra láti bínú. Orí ohun tí Ọlọ́run sọ nípa ara rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí bó ṣe ń ṣe wá láàárọ̀ yẹn.

Ìyá_Ẹgbẹ́_Àdúrà

Alàgbà, ẹ ṣeun sà. Ti Sáàmù tí wọ́n béèrè, 136 ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ nínú ẹbí, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀. Ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, àánú rẹ̀ tó dúró láéláé ló sì parí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á máa ka apá àkọ́kọ́, gbogbo ilé á máa dáhùn. Ọmọ tí ò tíì mọ̀wé kà pàápàá á ti mọ ìdáhùn náà kó tó dé ẹsẹ karùn-ún.

Ẹ kíyè sí ohun tó wà nínú Sáàmù yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí òṣùpá àti ìràwọ̀, ó gba Òkun Pupa kọjá, ó dárúkọ Síhónì ọba Ámórì àti Ógù ọba Báṣánì, ó wá parí sórí Ẹni tó ń fún gbogbo ẹlẹ́ran ara lóúnjẹ. Ìdáhùn kan náà ló tẹ̀ lé ọba tí Ọlọ́run ṣẹ́gun àti àwo oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá ti ka ẹsẹ 26 tán, ẹ má pa Bíbélì dé. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé fi ẹsẹ kan kún un láti inú ọ̀sẹ̀ yẹn, kí àwọn yòókù sì dáhùn bákan náà: “Ẹni tó jẹ́ ká rówó ilé-ìwé san.” “Ẹni tó mú Màmá dé láti Ìlọrin láyọ̀.” “Ẹni tó jẹ́ kí ibà náà lọ.” Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ ni kí bàbá tàbí ìyá sọ ọ́ di ìwàásù. Ẹsẹ kan, ìdáhùn, ó tán.

Jagunjagun_Ọ̀gànjọ́

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n ẹ ń jẹ́ kó dà bíi pé ayé ò burú. Ìkà ń bẹ. Sáàmù 35 àti 109 wà nínú Bíbélì yẹn kan náà. Ṣé ká wá gé wọn jù nù ni?

Alàgbà_Ìjọ_Kékeré

Ká má gé nǹkan kan jù nù. Ká kà á tán ni. Àwọn tó ń fi Sáàmù 35 jagun kì í sábà dúró lórí ẹsẹ 13. Níbẹ̀, Dáfídì sọ pé nígbà tí àwọn tó ń bá òun jà yìí ń ṣàìsàn, òun wọ aṣọ ọ̀fọ̀, òun sì gbààwẹ̀ fún wọn. Sáàmù kan náà ni! Ní ti 109, ẹjọ́ ni Dáfídì gbé lọ síwájú Adájọ́. Kò kó igi lọ sílé aládùúgbò. Àwọn ẹsẹ tó ṣépè níbẹ̀ le gan-an, àmọ́ láti ẹsẹ 21 ó ti yí padà sí Ọlọ́run, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun là nítorí àánú rẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa lò wọ́n nìyí. Ẹ sọ ohun tí ẹni náà ṣe fún Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, ní ṣókí, láìfi epo bọ̀ ọ́. Ẹ sọ pé ẹ ti fi ẹ̀san sílẹ̀ fún un, bí Róòmù 12:19 ṣe wí. Ẹ wá gbàdúrà ohun rere kan fún ẹni náà, ó kéré tán kí Ọlọ́run yí i lọ́kàn padà. Ẹ kọjá síbòmíì. Tí ọ̀rọ̀ náà bá tún sọ sí yín lọ́kàn lọ́sàn-án, ẹ kàn wí pé, “Baba, mo ti gbé e fún yín láàárọ̀.” Ẹ má tún ẹjọ́ rò. Ẹni tó ń tún ẹjọ́ rò lálaalẹ́ kò tíì gbà pé Adájọ́ gbọ́.

Ẹni tí ẹ̀rù àjẹ́ àti oṣó bá ń dà láàmú, Róòmù 8:31-39 ni kó ti lọ jókòó. Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù wà lára ohun tí Ajayi Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lédè wa ní 1850, nígbà tí odidi Bíbélì ò tíì parí (1884 nìyẹn tó ṣe). Nínú ẹsẹ 38 àti 39, Pọ́ọ̀lù ka ikú, ìyè, áńgẹ́lì, àwọn alágbára, ohun ìsinsìnyí, ohun tó ń bọ̀, òkè, ọ̀gbun, ó wá fi “ẹ̀dá mìíràn” pa á dé. Ohunkóhun tó bá ń fò lóru wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹ kà á sókè, tẹ́ ẹ bá dé “ẹ̀dá mìíràn,” ẹ dúró, kẹ́ ẹ dárúkọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù gan-an: lándọ́ọ̀dù, èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, orúkọ ẹni náà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá parí gbólóhùn náà: kò lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́run tó wà nínú Kristi Jésù Olúwa wa.

Akọrin_Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n ti fọ̀rọ̀ síbi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí n mú apá kejì rẹ̀, èyí tó máa ń fọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn: àdúrà tí ò gbà. Ọmọ kú. Oyún ò dúró. Iṣẹ́ lọ. Àwa ará ìjọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni náà lára.

Ẹ ka Jòhánù 11:5 àti 6 tẹ̀ léra. Ẹsẹ 5 sọ pé Jésù fẹ́ràn Màtá, àbúrò rẹ̀ àti Lásárù. Ẹsẹ 6 sọ pé nígbà tó gbọ́ pé Lásárù ń ṣàìsàn, ó tún dúró níbi tó wà fún ọjọ́ méjì. Kó tó dé, òkú ti lo ọjọ́ mẹ́rin ní ibojì. Jòhánù to ìfẹ́ àti ìdádúró síbì kan, kò tọrọ gáfárà. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n mú ẹ̀gún ara rẹ̀ kúrò, wọn ò mú un kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un (2 Kọ́ríńtì 12). Jésù fúnra rẹ̀ gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta ní Gẹtisémánì pé kí ago náà ré òun kọjá. Ago náà ò ré e kọjá. Ṣé Baba ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?

Tó bá jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ wà nìyẹn, ẹ má fi tipátipá kọ orin ayọ̀. Sáàmù 13 ni kẹ́ ẹ mú. Ẹsẹ mẹ́fà péré, ó sì pín sí mẹ́ta: ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin pé yóò ti pẹ́ tó, 3 àti 4 ni ẹ̀bẹ̀, 5 àti 6 ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ kọ tiyín tẹ̀ lé ìlà yẹn: ẹ̀sùn mẹ́rin, ẹ̀bẹ̀ kan, gbólóhùn ìgbẹ́kẹ̀lé kan. Tí ìgbẹ́kẹ̀lé ò bá tíì jáde lẹ́nu, ẹ dúró síbi ẹ̀bẹ̀, ọ̀la ń bọ̀. Sáàmù 88 ò tiẹ̀ débi ayọ̀ rárá, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ àwọn tó kó ìwé náà jọ ò yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń sunkún sí Ọlọ́run lọ́rùn kò tíì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ kí ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje: wọ́n jókòó tì í nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló bà á jẹ́. Ẹ gbé oúnjẹ lọ, ẹ fọ àwo, ẹ ka Sáàmù 23 tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kà á, ẹ máa lọ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbègbè

Mo rí i pé wọ́n mẹ́nu ba ààwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé wa. Ààwẹ̀ kì í ra ìfẹ́ Ọlọ́run, ẹ ti fún wa ní Róòmù, ẹ ka 5:8 níbẹ̀: nígbà tá a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú. Nítorí náà, kò sẹ́ni tí Ọlọ́run máa fẹ́ràn dín kù torí pé ó jẹun.

Ẹni tó jẹ́ SS (àìsàn fòníkú-fọ̀larọ̀dọ̀) kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ gbígbẹ, èyí tí kò ní omi nínú. Omi tó bá dín kù lára lè dá ìrora sílẹ̀ fún un kílẹ̀ tó mọ́. Aboyún àti abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ń tọ́jú yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fò ó torí ààwẹ̀, oògùn kì í ṣe oúnjẹ. Alátọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn tó ń lé ṣúgà wálẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún dókítà. Tí òógùn bá déédéé bo yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ojú ń ṣú, tàbí tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá fi hàn pé ṣúgà ti lọ sísàlẹ̀ 70 mg/dL, ààwẹ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ mu kúbù ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin tẹ́ ẹ pò mọ́ omi, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ wá jẹun. Ẹ má dúró de aago mẹ́fà.

Ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà á lè ṣe irú ti Dáníẹ́lì orí 10: kò jẹ oúnjẹ aládùn, kò jẹ ẹran, kò mu wáìnì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ yọ ẹran, mínírà àti tẹlifíṣọ̀n kúrò. Ààwẹ̀ náà ni.

Ọmọ_Aládùúrà

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun mà. Àwọn kan á sọ pé àwọn bàbá wa ò lo oògùn. Òótọ́ ni pé àwọn tó kó ara wọn jọ fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà àjàkálẹ̀ lukuluku (àrùn gágá) 1918, kọ oògùn sílẹ̀, òyìnbó àti ìbílẹ̀. Ẹ rántí ìgbà wo ni. Kò sí ilé ìwòsàn kankan láyé tó lóògùn àìsàn yẹn lọ́wọ́ lọ́dún náà. Ẹ má mú àpẹẹrẹ wọn lọ síbi tí oògùn wà. Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ ayé rẹ̀, Aísáyà wòlíì kan náà tó gbé ìròyìn ayọ̀ náà wá ló sì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ oówo rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20). Àdúrà àti àlẹ̀mọ́, nínú orí kan náà.

Nǹkan kan tún kù. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú iye kan wá kóun tó bá yín wo ohun tí Ọlọ́run ń sọ, ẹ ka Ìṣe 8:18-20 fún un, kẹ́ ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Kátólíìkì_Ìbàdàn

Ẹ ti sọ ti òwúrọ̀ púpọ̀. Alẹ́ ńkọ́? Nínú ìjọ tiwa, àyẹ̀wò ọjọ́ tí Ignatius ará Loyola kọ́ni ló máa ń ran irú ẹni tó béèrè yìí lọ́wọ́, torí pé ojú tí kò rí oore ló ń jẹ́ kí ọkàn má gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, ní ìjókòó, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ dúpẹ́. Ẹ bẹ Ẹ̀mí Mímọ́ kó fi ìmọ́lẹ̀ hàn yín. Ẹ wá rin ọjọ́ náà padà láti ìgbà tẹ́ ẹ jí, wákàtí tẹ̀ lé wákàtí: ta ló rẹ́rìn-ín sí yín nínú dáńfó, ìgbà wo lara yín balẹ̀, ìgbà wo lẹ jágbe mọ́ ọmọ? Ẹ tọrọ ìdáríjì fún ohun kan pàtó, ẹ má fi “gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi” bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá sọ ohun kan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́la. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á fi gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ka ẹ̀ṣẹ̀. Ọpẹ́ ló yẹ kó gùn jù.

Títíọlá_Ọ̀wọ̀

Ẹ ní ìwé kan lọ́wọ́, èyí tó tín-ín-rín, àti báírò. George Müller tó dá ilé ọmọ òrukàn sílẹ̀ ní Bristol ní 1836 máa ń kọ ohun tó bá béèrè àti bó ṣe gbà á sílẹ̀. Ẹ la ojú ewé sí méjì: déètì àti ohun tẹ́ ẹ béèrè lápá kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ lápá kejì. Ẹ béèrè ohun tó ṣe pàtó. “Bùkún mi” kò ṣeé kọ ìdáhùn sí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra kó má lọ di ìwé gbèsè tẹ́ ẹ ń gbé dúró dè Ọlọ́run. Ìdí nìyẹn tí apá kejì fi gbọ́dọ̀ gba ohun tẹ́ ò béèrè àmọ́ tó wá.

Olùwá_Ọ̀nà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kéékèèké ló kù. Ilé oníyàrá-kọjú-síra-wọn ńkọ́, níbi tí gbogbo ilé ti ń gbọ́ tẹni? Tí oorun bá sì ń gbé èèyàn lọ? Tó bá jí ní aago méjì òru tí ọkàn ń lù kìkì ńkọ́?

Ìyá_Ẹgbẹ́_Àdúrà

Hánà ò pariwo, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, Ọlọ́run sì gbọ́. Ẹ rọra sọ ọ́ lábẹ́ ètè. Tí oorun bá ń gbé yín, ẹ dìde dúró, tàbí kẹ́ ẹ gbé àdúrà náà sí ìgbà míì. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì sùn tó ni, ẹ lọ sùn.

Aago méjì òru: ẹ má bẹ̀rẹ̀ àdúrà ogun nígbà yẹn, ọkàn tún máa sáré sí i. Ẹ jókòó, ẹ tan iná díẹ̀, ẹ ka Sáàmù 4, ẹsẹ mẹ́jọ ni, orí oorun ló parí sí. Lẹ́yìn náà Sáàmù 131, ẹsẹ mẹ́ta péré. Ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú ló wà níbẹ̀. Ẹ ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Kò ta gìrì mọ́, kò fa bùláòsì, kò wá nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ló wá. Ẹ mí sínú pẹ̀lú apá kan ẹsẹ 2, ẹ mí jáde pẹ̀lú apá kejì, títí tí àyà á fi rọ̀.

Peckham_Alẹ́

Fún àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ lókè òkun, tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò sí: Nehemáyà 2:4. Ọba bi í ní ìbéèrè, ó gbàdúrà, ó dá ọba lóhùn. Ìmí kan ni. Sáàmù 56:3 bá a mu, ẹ há a sórí, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Nọ́ọ̀sì_Àgbègbè

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un torí aago méjì òru yẹn. Tó bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ ò lọ, tí nǹkan tó máa ń dùn mọ́ni ò dùn mọ́ni mọ́, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kékeré. Ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì máa gbàdúrà lọ. Tó bá ti di pé èèyàn ń ronú àtikú, kó má dá wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kó sọ fún ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì bá a lọ sílé ìwòsàn. Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun (1 Àwọn Ọba 19). Áńgẹ́lì ò bá a wí. Àkàrà tí wọ́n dín lórí ẹyin iná àti ìkòkò omi ló gbé síbi orí rẹ̀. Èlíjà jẹun, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún padà wá pẹ̀lú oúnjẹ. Ìgbà tó jẹun lẹ́ẹ̀mejì tó sì sinmi ni ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀.

Olùwá_Ọ̀nà

Ẹ ṣeun mà. Ọ̀kan tó gbẹ̀yìn: tí mo bá fẹ́ ka gbogbo Sáàmù tán lóṣù kan, báwo ni mo ṣe máa pín in?

Alàgbà_Ìjọ_Kékeré

Ọ̀nà méjì. Èyí tó rọrùn ni márùn-ún lójúmọ́, àádọ́jọ ni gbogbo wọn, ọgbọ̀n ọjọ́ á kó o tán. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí 119 bá bọ́ sí, ẹsẹ 176 nìkan ti tó pa èèyàn. Ọ̀nà kejì wà nínú Ìwé Àdúrà àwa Áńgílíkà: òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, 1 sí 5, ìrọ̀lẹ́ 6 sí 8, wọ́n sì fi 119 sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. 13 bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, 88 bọ́ sí òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, 136 sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ má dá a padà, ẹ mú ti òní. Àwọn tó ń dá a padà ló máa ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án. Oṣù tó bá ní ọjọ́ 31, ẹ tún ti ọjọ́ 30 kà.